Awọ Ẹja Nínú Àdògán Òtútù

Bí ẹ bá rí obìnrin kan lọ́jà Assiyéyé ní Adidogomé, tó jókòó sáàárín fírísà mẹ́ta, tó ń fi ọ̀bẹ ìpẹ́ tọ́ka sí ẹni tó bá ń ná ọjà kọjá bó ṣe yẹ, màámi nìyẹn. Ẹja dídì ni wọ́n ń tà láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Bí ẹ bá bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni ọmọ yín obìnrin ń ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ó kàwé títí, ìwé wá gbé e padà sídìí ẹja." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kún un pé, "Awọ rẹ̀ lásán ló sì ń lò, kò tilẹ̀ dé ibi tó dùn."

Wọn kò purọ́. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan níbí ní Lomé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lábò, awọ ẹja ẹ̀pìyà sì ni iṣẹ́ mi. Màá fọ awọ náà, màá rẹ ẹ́ sínú omi kíkan, màá sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí á fi di omi tó ń fà bíi ilá. Màá sẹ́ omi yẹn, màá dà á sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ, màá gbé wọn sínú fírísà kó dì gbagidi. Bó bá ti dì, ó di inú ẹ̀rọ kan tó ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀ jáde. Níbẹ̀, yìnyín kò ní yọ́ rárá. Láti ibi tó dì sí ni yóò ti di afẹ́fẹ́, tí yóò fò lọ láì kọ́kọ́ di omi. Ibi tí yìnyín kọ̀ọ̀kan bá ti kúrò á di ihò. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ohun tó máa kù lọ́wọ́ mi ni nǹkan funfun kan tó fúyẹ́, tó kún fún ihò wínníwínní, tí mo lè fi ẹnu fẹ́ kúrò lórí tábìlì.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Bí iná bá jó èèyàn tí awọ ara rẹ̀ ṣí lọ, ara tuntun tó ń hù nílò ohun tó máa dì mú. Ẹ ti rí igi tí àwọn bíríkìlà máa ń dè mọ́ ara ilé kí wọ́n tó lè kọ́ òkè rẹ̀. Iṣẹ́ tí nǹkan funfun yẹn fẹ́ ṣe nìyẹn. Ara á gba inú àwọn ihò náà wọlé, á máa hù lọ, nígbà tó bá sì yá, awọ ẹja á yọ́ dànù fúnra rẹ̀. A kò tíì fi sára ẹnikẹ́ni o. Inú ìgò la ṣì ti ń dán an wò.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé gbogbo èyí fún màámi, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja lọ títí mo fi parí. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni pé o ń sá nǹkan sínú òtútù kó lè gbẹ?"

"Ẹ̀ẹ́n, mà."

"Oòrùn Lomé yìí kò tó ẹ?"

Mo ní oòrùn á bà á jẹ́, á jẹ́ kó fún pọ̀, kò ní ní ihò. Wọn kò gbọ́ mi mọ́. Wọ́n ti ń pe ìyá oníyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ wá o! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ilé ìwé ṣe fún ọmọ mi! Ìyá tó bí mi lọ́mọ fi èéfín yan ẹja jẹun títí dọjọ́ alẹ́, àdògán rẹ̀ kò tutù lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi wá lọ bá àwọn òyìnbó wá àdògán òtútù!" Ìyá oníyọ̀ rẹ́rìn-ín títí tí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ wa ti ń jẹ́ àdògán òtútù. Orúkọ tó ń jẹ́ lédè Faransé gùn, ẹnu máa ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín. Ọjọ́ kan ni èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní lábò, inú sì bí mi sí ara mi.

Bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó yẹn náà ni wọ́n ń bá mi wá awọ. Àwọn obìnrin kan wà lọ́jà tó ń bó ẹja fún àwọn ilé oúnjẹ. Màámi máa ń gba awọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi yìnyín pa á mọ́ sínú kúlà, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí pé, "Dókítà Awọ, ẹrù ẹ ti dé." Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbàgbé. Kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí awọ dé láìsí èébú díẹ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nǹkan kò rọgbọ fún mi ní lábò. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra ni èyí tí mo ṣe ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́, n kò ti ìdérí ẹ̀rọ dáadáa. Èkejì gbẹ, ó dára, ó funfun nini. Mo wá gbé e sórí tábìlì lásìkò òjò, mo ní kí n lọ jẹun díẹ̀. Kí n tó padà, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, ó ti súnkì, ó rí bí àkàrà àná. Ọ̀gá mi pè mí. Ọ̀gá yìí kò ju mí lọ púpọ̀, ọmọ ilẹ̀ Togo ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Ẹni tó bá ní kéèyàn kọ́kọ́ jókòó kóun tó sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Ó ní àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ náà. Ó ní bí ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, òun á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, òun kò sì ní lè bá mi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi ṣe nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá parí. Èmi tí mo máa ń fèsì fún ẹni tí kò bi mí léèrè, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá" péré ni mo rí sọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ yẹn ni mo ní, òun náà sì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún màámi. Mo ń retí yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é. Wọ́n kàn ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fara balẹ̀."

Ṣé mo wá fara balẹ̀? Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí ẹ̀kẹta wọ inú ẹ̀rọ. Ó yẹ kí n ti da omi awọ sínú abọ́ láti ọ̀sán ọjọ́rú, kó wà nínú fírísà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́rú yẹn kẹ̀, Agoè ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣe irun. Mo ti ro pé á yá. Oníṣẹ́ irun yìí ń gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́ẹ̀kan, ó ń bá ará ilé kejì jà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó parí, tí ọlọ́kadà fi ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Agoè yọ mí jáde, wọ́n ti ti lábò pa. Irun náà dára o. Kò sí ẹni tó rí i tí kò yìn ín.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́bọ̀ ni mo sáré dé, mo da omi awọ, mo gbé e sínú fírísà. Wákàtí mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, òkè rẹ̀ le bí òkúta. Mo bi ara mi pé inú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá ti ní òun á wá wò ó lọ́sàn-án, bó bá sì bá ẹ̀rọ lófìfo, kí ni màá wí? Pé irun ni mo lọ ṣe? Mo gbé àwọn abọ́ sínú ẹ̀rọ, mo ti ìdérí, mo tan án.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni màámi mú láti wá kí ọ̀gá mi. Ní ilé wa, bí ọmọ bá ríṣẹ́, òbí gbọ́dọ̀ lọ fojú kan ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n fi ọmọ lé e lọ́wọ́, kí wọ́n ní kó bá àwọn tọ́ ọ. Pé mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kò kan àṣà yìí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti ń fi ọgbọ́n sún un síwájú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún wọn nípa ọ̀gá ló jẹ́ kí ara wọn má gbà á mọ́. Mo ṣàdédé rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ọ̀kadà, tí wọ́n gbé kúlà ẹja lé ẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í fi ẹja kí ọ̀gá níbí."

"Ibo ni wọn kì í ti í jẹ ẹja?"

Mo fún wọn ní aṣọ funfun tí àlejò máa ń wọ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ lé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ó kù kí n fún àwọn ní abẹ́rẹ́ kí àwọn máa gún èèyàn kiri. Mo mú wọn dé iwájú ẹ̀rọ, n kò wo inú dígí rẹ̀, mo ní, "Àdògán òtútù yín rèé." Wọ́n fi Faransé kí i bí ẹni ń kí àna: "Bọ́njù, mùsíyè." Mo ní kí wọ́n dúró kí n lọ pe ọ̀gá nínú ilé kejì, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní ṣé ọmọdé làwọn ni.

Bí èmi àti ọ̀gá ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà ni iná ṣẹ́jú, ó lọ, ó dé. N kò bẹ̀rù. Ẹ̀rọ wa ní bátìrì tó máa ń gbé e dúró títí iná á fi padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọlé, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀rọ tó ń hùn bí oyin láti àárọ̀ ti dákẹ́. Màámi dúró tì í, wáyà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti yọ ọ́ tigbòǹgbò tigbòǹgbò, èyí tó lọ sára ògiri àti èyí tó lọ sára bátìrì. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá, wọ́n fi èdè Mínà tí gbogbo ọjà Lomé ń sọ sọ ọ́ gaara, tayọ̀tayọ̀: "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti bá yín gbà á là."

Bí ẹ bá ń gbé Lomé tí ẹ sì ní ẹlẹ́ja nínú ẹbí, ó ti yé yín. Gbogbo obìnrin tó ní fírísà lọ́jà ló mọ̀ pé bí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí, kó yáa yọ wáyà, kó jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kó tó kì í bọ̀ ọ́ padà, torí iná tó bá padà dé pẹ̀lú ìbínú lè jó mọ́tò fírísà. Ọwọ́ màámi kì í dúró gbàṣẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá dọ̀rọ̀ yìí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, bí iná bá ṣẹ́jú, ẹ ó rí i pé wọ́n ti ń wo ara ògiri.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìdérí dígí. Èmi náà wò ó. Gbogbo omi awọ ti hó jáde nínú abọ́, ó ti ta sára dígí yíká, bí ògì tó ru dànù lórí iná. Kíá ni mo mọ ohun tí mò ń wò. Nǹkan dídì tó bá yọ́ máa ń tẹ́ sílẹ̀ ni, kì í ta sókè. Èyí tó bá hó báyìí, inú rẹ̀ ni kò dì. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fa afẹ́fẹ́, omi tó wà láàárín rẹ̀ ti ru láti ìbẹ̀rẹ̀. Wáyà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Irun orí mi ló ṣe é.

Mo la ẹnu kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Màámi, kò yẹ kí ẹ yọ ọ́. Ó ti bàjẹ́."

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà mo tún sọ ọ́ ní Faransé kó lè yé ọ̀gá. Màámi wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ojú mi. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kúnlẹ̀ gbì lórí ilẹ̀ lábò, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, níwájú ọkùnrin tí wọ́n lè bí. "Èmi ni o. Ọwọ́ ọjà ni, kò gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ yìí, kò sí níbẹ̀."

Yéè! Ẹ ò bá rí ọ̀gá mi. Ó ń sá síbìí, ó ń sá sọ́hùn-ún, ó ń bẹ̀ wọ́n, "Màmá, ẹ dìde, Màmá, ẹ má sọ mí dẹni ègún." Nígbà tó gbé wọn dìde tán, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì gba ẹ̀rọ là lọ́wọ́ òun rí. Ó yíjú sí mi, ó ní òun kò lè ka èyí mọ́ mi lọ́rùn, kí n ṣe òmíràn. Ó gba kúlà ẹja lọ́wọ́ màámi, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a bá ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri lókè wáyà náà pé ẹlẹ́ja kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ṣe òmíràn. N kò ṣe irun, n kò lọ síbì kankan. Mo jẹ́ kó dì láti ọ̀sán títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí n tó gbé e sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ṣí i, ó funfun, ó dọ́gba, kò sí ibi tó fún pọ̀. Mo kán omi kan sí i, ó fà á mu lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ awò amúǹkantóbi, ihò ṣí sínú ihò, bí a ṣe ń fẹ́. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi kò bọ́.

Ìtàn wáyà ni kò tán. Bí àlejò bá dé lábò, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìwé ara ògiri hàn án. Àwọn àbúrò mi gbọ́, wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó di pé bí iná bá ti ṣẹ́jú, ẹnì kan á pariwo pé, "Ẹ di ìyá yẹn lọ́wọ́ mú o!" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Màámi náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fi iyọ̀ sí i. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ oṣù. Títí di òní, ojú ń tì mí láti kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ gba awọ ní Assiyéyé. Oníbàárà kan ń bi màámi bóyá òótọ́ ni pé wọ́n paná ẹ̀rọ àwọn dókítà. Wọ́n gbé ọ̀bẹ ìpẹ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè sọ ìtàn náà dáadáa. Wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe fa wáyà yọ, wọ́n ṣe bí ọ̀gá ṣe ń sá kiri. Oníbàárà ń fẹnu ṣe "háà" lọ. Nígbà tó gba ẹja rẹ̀ tó lọ, n kò lè gbà á mọ́ra mọ́.

"Màámi, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Wọ́n ti mú ẹja mìíràn, wọ́n ń ha ìpẹ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: irun, wákàtí mẹ́ta, ẹnu mi tó kọ̀ láti sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde wọ́rọ́wọ́rọ́, mò ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé inú rẹ̀ kò dì. Kí iná tó ṣẹ́jú rárá ló ti ń hó, tó ń ta sára dígí. Mo rí i níbi tí mo dúró sí. Ṣé èmi tí mo ti ń ta ẹja dídì kí wọ́n tó bí ẹ ni kò ní mọ ohun tó dì yàtọ̀ sí èyí tí òkè rẹ̀ ń purọ́?"

Orí mi wú. "Kí ló wá dé tí ẹ fi kúnlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé máa fi yín rẹ́rìn-ín?"

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá dá iye tí kò tọ́ lé ẹja. "Ìwọ ni ọ̀gá ẹ lè lé kúrò níbi iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi ńkọ́? Ibo ló fẹ́ lé mi kúrò?"

Omijé bọ́ lójú mi lójú ọjà, láàárín àwọn èèyàn. Mo ní lọ́jọ́ Ajé màá lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Wọ́n ní kí n má dán an wò, pé eékún àwọn ṣì ń dun àwọn láti ọjọ́ náà, àwọn kò sì ní tún kúnlẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé kúlà awọ lé mi lọ́wọ́.

"Nu ojú ẹ," ni màámi wí. "Oníbàárà ń bọ̀."